Gramps lábẹ́ àyẹ̀wò: ètò kọ̀ǹpútà fún àkójọ lẹ́tà, fọ́tò àti àkọsílẹ̀ àwọn tó jọ ń jẹ́ orúkọ kan

Ẹni tó ń kó ìwé ẹbí ara rẹ̀ jọ mọ ọ̀nà tí yóò tọ̀: bàbá, bàbá bàbá, ìyá àgbà. Ẹni tó ń kó ìwé gbogbo àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan jọ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kan dé ọwọ́ rẹ̀, "John Smith" ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fọ́tò kan tún dé, "J. Smith" ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ìkànìyàn tún gbé John Smith mẹ́ta jáde láti àdúgbò kan ṣoṣo. Èwo ni èwo? Orí ìwé ni irú iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà la tó ń mọ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n ṣe fún ìtàn ìdílé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ bi ni ni "Ta ni bàbá rẹ̀?", ìyẹn gan-an sì ni ìbéèrè tí ẹ kò tíì lè dáhùn.

Gramps jẹ́ ètò ọ̀fẹ́. Ọdún 2001 ló bẹ̀rẹ̀, èdè kọ̀ǹpútà Python ni wọ́n fi kọ ọ́, àṣẹ GPL (tó gba ẹnikẹ́ni láàyè láti lò ó, kó sì tún un ṣe) ló wà lórí rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, Windows àti macOS. Ẹ̀dà 6.0 jáde ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ó sọ bá ẹ̀dà 5 náà mu. Ìdájọ́ wa nìyí, kí ẹni tí kò ráyè kà dé ìsàlẹ̀ lè gbé e lọ: Gramps bá iṣẹ́ yìí mu gan-an, nítorí ó gba ìwé láàyè kó dá dúró láìtíì ní olúwa. Àmọ́ bọ́tìnì kan wà nínú rẹ̀ tó lè ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. A ó dé ibẹ̀.

Kí eku máa ké bí eku

Oríṣi àkọsílẹ̀ mẹ́sàn-án ni Gramps mọ̀: People (ènìyàn), Families (ìdílé), Events (ìṣẹ̀lẹ̀), Places (ibi), Sources, Citations, Repositories, Media àti Notes (àlàyé tí ẹ bá kọ). Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀. Ènìyàn ń gba I0001, ìdílé F0001, Source S0001, Citation C0001, àwòrán O0001. Mẹ́rin nínú wọn ni àkójọ orúkọ dúró lé lórí. Repository ni ilé tí ìwé wà, Source ni odindi àkójọ tàbí ìwé ńlá, Citation ni ibi pàtó nínú rẹ̀, Media sì ni àwòrán tí ẹ yà.

Ẹ jẹ́ ká fi páálí lẹ́tà kan ṣe é. Ẹ ṣí Repository kan fún ibi ìpamọ́ tí páálí náà wà. Ẹ ṣí Source kan ṣoṣo fún gbogbo páálí náà, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ so ó mọ́ Repository, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí ibi ìpamọ́ fún un sí àyè Call Number. Citation ló kàn, ọ̀kan fún lẹ́tà kan: ní Volume/Page ẹ kọ "páálí 3, fódà 12, lẹ́tà 4", ní Date ẹ kọ ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà náà. Àwòrán lẹ́tà náà, ara Citation yìí ni kí ẹ so ó mọ́. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Note kan, kí ẹ yan Transcript bí irú rẹ̀. Èrò tiyín nípa lẹ́tà náà, Note mìíràn ni kó wà, irú rẹ̀ sì ni Research. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ní ọdún méjì sí i ẹ kò ní mọ ohun tí ẹni àtijọ́ sọ àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á gbé àwòrán lẹ́tà lọ tààrà sínú Gallery (àyè àwòrán) ènìyàn. Ó yá, ó sì dùn ún wò, torí ojúlówó lẹ́tà yóò máa hàn lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé John Smith mìíràn ló kọ lẹ́tà náà ni wàhálà yóò dé, torí ẹ ó ní láti wá gbogbo ibi tí ẹ ti lò ó, kí ẹ yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ohunkóhun tí yóò sọ fún yín ìdí tí ẹ fi rò pé tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ara Citation ló wà, Citation náà nìkan ni ẹ ó gbé kúrò lára ẹni kan lọ sára ẹlòmíràn. Àwòrán, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti nọ́ńbà páálí yóò tẹ̀ lé e lọ láìfi nǹkan kan sílẹ̀.

Ní ti ènìyàn, ìlànà tí kò ní dà yín ni kí ìwé kọ̀ọ̀kan ní ẹni tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìwé ogójì bá dárúkọ John Smith, John Smith ogójì ni kó wà nínú ètò náà. Ẹ dá Tag (àmì aláwọ̀) kan sílẹ̀ fún wọn, ká ní "kò tíì dájú", kí ẹ fún un ní àwọ̀ tó ń ta sójú, kí ẹ lè mọ̀ wọ́n lójú kan nínú orúkọ rẹpẹtẹ. Ó lè jọ bí ẹni pé ẹ ń ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan ní ogójì ìgbà. Ṣùgbọ́n pípa ènìyàn méjì pọ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, títú ẹni tí ẹ ti pa pọ̀ ká ló ń gba ọ̀sẹ̀.

Ohun kan wà tí ojú kì í tètè rí nínú Citation. Bí ẹ bá fà á láti inú Clipboard (àyè tí ẹ ń fi nǹkan sí fún ìgbà díẹ̀) lọ sára ẹlòmíràn, tàbí tí ẹ yan èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Tí ẹ bá wá yí "lẹ́tà 4" padà sí "lẹ́tà 5" nítorí ẹnì kan, ó ti yí padà fún gbogbo àwọn tó ń lò ó. Nínú àkójọ orúkọ kan, níbi tí páálí kan lè kan àádọ́ta ènìyàn, báyìí ni ẹ̀rí mẹ́wàá ṣe ń tọ́ka sí lẹ́tà tí kì í ṣe tiwọn. Lẹ́tà tuntun, Citation tuntun. Kìkì ìgbà tí lẹ́tà kan náà bá sọ̀rọ̀ nípa ẹni méjì ni kí ẹ pín in lò.

Citation ní ìpele ìgbẹ́kẹ̀lé márùn-ún, láti Very Low dé Very High, Normal ló sì máa ń wà níbẹ̀ bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi wọ́n wọn bó ṣe dá yín lójú tó pé ẹni tí ẹ ń wá nìyẹn. Bí ìwé náà ṣe súnmọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ ni kí ẹ fi wọ̀n. Ìwé ikú súnmọ́ ọjọ́ ikú dáadáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí tó wà lórí rẹ̀, ẹnu ẹni tó wá ròyìn ikú ló ti wá, ẹni náà kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí olóògbé. Nítorí náà, láti ara ìwé kan ṣoṣo, Citation méjì lè jáde: High fún ikú, Low fún ìbí. Ọjọ́ orí inú ìwé ìkànìyàn náà, Low ni kó wà.

Orúkọ, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an

Ibí yìí ni Gramps ti ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Ènìyàn kan lè ní orúkọ púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irú rẹ̀ (Birth Name, Married Name, Also Known As), ọjọ́ rẹ̀ àti Citation tirẹ̀. Bí ìwé bá kọ Smyth, Smyth ni kí ẹ kọ. Ẹ má tún un ṣe sí Smith torí pé ohun tí ẹ ń kó jọ nìyẹn, nítorí ọ̀nà tí akọ̀wé kan gbà ń kọ orúkọ lè jẹ́ ẹ̀rí tó máa ya ẹni méjì sọ́tọ̀ lọ́la. Láti kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orí kan, ẹ ṣí Name Editor, ẹ lọ sí àyè Group as, ẹ tẹ Override, kí ẹ kọ Smith síbẹ̀. Ètò náà yóò béèrè bóyá gbogbo Smyth ni kó kó síbẹ̀ tàbí orúkọ yìí nìkan. Ẹ ronú kí ẹ tó dáhùn: "Group all" yóò kan gbogbo Smyth tó wà nílẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀. Fún àkójọ orúkọ kan, òun ló sábà dára. Fún orúkọ tó jẹ́ pé ìdílé méjì tí kò tan ló ń lò ó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú wọn.

Gramps ní irinṣẹ́ Soundex pẹ̀lú, èyí tó ń sọ orúkọ di lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń dún. Smith, Smyth àti Schmidt, S530 ni gbogbo wọn, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n Snead náà, S530 ni, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó pa òun àti Smith pọ̀. Lódì kejì, lẹ́tà àkọ́kọ́ kì í yí padà, torí náà Catherine jẹ́ C365, Katherine sì jẹ́ K365, wọn kò ní pàdé láé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ṣe é fún, ọdún 1918 ni wọ́n gba àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Fún orúkọ tó wá láti èdè mìíràn, ẹ fi ọwọ́ kọ àkójọ onírúurú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́. Bí ó bá tó ogún, ogún náà ni kí ẹ wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ "Senior" àti "Junior" yẹ fún àkíyèsí tó lágbára. Nínú àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà àtijọ́, kò túmọ̀ sí bàbá àti ọmọ dandan. Ẹni tó dàgbà jù àti ẹni tó kéré jù nínú àwọn olórúkọ kan náà ní ìlú kan ni wọ́n ń fi yà sọ́tọ̀, wọ́n lè jẹ́ ìbátan, wọ́n sì lè máà tan rárá. Nígbà tí Senior bá kú, Junior á di Senior, ẹlòmíràn á sì bọ́ sípò Junior. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó láti gbé ọmọ ọlọ́mọ fún bàbá tí kò bí i. Nítorí náà, ẹ má kọ Jr sí àyè Suffix nínú orúkọ pàtàkì ẹni náà. Ẹ fi orúkọ kejì kún un, kí ẹ kọ Jr síbẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ ìwé náà sí àyè Date. Bí ẹ bá rí i ní 1790 bí Jr, tí ẹ rí i ní 1804 bí Sr, ọjọ́ méjèèjì yóò sọ fún yín àkókò tí àgbà ti kú.

Ọjọ́ náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin títí ìyípadà fi dé ní 1752. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọjọ́ ìbí George Washington bí 11 oṣù Kejì 1731/2, tí a ń kà lónìí sí 22 oṣù Kejì 1732, torí kàlẹ́ńdà Julian tí wọ́n ń lò nígbà náà fi ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn tòní. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rí ìwé kan tó sọ 1731, ìwé kejì tó sọ 1732, yóò sì sọ ẹni kan di méjì. Gramps mọ ọ̀nà kíkọ yìí, ó sì mọ kàlẹ́ńdà Julian àti àwọn mìíràn. Inú Date Editor ni ẹ ti ń yàn án. Ọjọ́ tí kò dájú ni ó ń gbà pẹ̀lú "about", "before", "after" àti "between". Àmọ́ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, "about" ń fẹ̀ dé àádọ́ta ọdún sẹ́yìn àti síwájú nígbà tí ẹ bá ń wá nǹkan. Nínú àkójọ àwọn olórúkọ kan náà, àádọ́ta ọdún ń kó bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ẹ lọ sí Preferences, kí ẹ sọ ọ́ di márùn-ún.

Bọ́tìnì tí a sọ

Find Possible Duplicate People. Ètò náà yóò fi orúkọ, ọjọ́ àti ìbátan wé ara wọn, yóò sì to àwọn tó jọra síwájú yín. Nínú ìtàn ìdílé kan, ó wúlò. Nínú àkójọ orúkọ kan, gbogbo ènìyàn ló jọra, torí orúkọ náà la fi kó wọn jọ! Bí ẹ bá tún tẹ "Use soundex codes", èsì náà kò ní lóǹkà. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó rárá, ẹ gbé Threshold (bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ jọra tó) sí High, ẹ yọ Soundex kúrò, kí ẹ sì ka èsì rẹ̀ sí orúkọ àwọn tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ má kà á sí ìdáhùn.

Kí ẹ tó pa ẹni méjì pọ̀, ẹ bèèrè ẹ̀rí mẹ́ta tí kò ti ara ara wọn jáde, orúkọ kò sì sí lára wọn. Ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀: ẹ gbé ìbuwọ́lùwé inú lẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lórí ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìhágún, kí ẹ wo bí lẹ́tà ńlá ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí kálámù ti gbéra. Orúkọ ìyàwó tàbí ọkọ, iṣẹ́ ọwọ́, ilé tí wọ́n gbé, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí náà ń ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́rìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń dúró ti ènìyàn níbi ìgbéyàwó àti ìrìbọmi kì í sábà jẹ́ àlejò. Ní Gramps, ẹ lè so ẹlẹ́rìí mọ́ Event kan náà pẹ̀lú ipa Witness. Tí àwọn ẹlẹ́rìí kan náà bá ń tẹ̀ lé John Smith kan káàkiri, ẹ ti rí okùn tó so ìwé pọ̀.

Bí ẹ̀rí bá ti pé, ẹ kọ́kọ́ ṣe Backup (ẹ̀dà ìpamọ́). Ẹ yan àwọn méjèèjì, ẹ ṣí Compare and Merge, kí ẹ kà wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Orúkọ ẹni tí ẹ bá fi ṣe àkọ́kọ́ ni yóò wà lókè, orúkọ èkejì yóò di àfikún, nọ́ńbà ẹni tó pòórá yóò sì wà lára èyí tó kù lábẹ́ "Merged Gramps ID". Ẹ má ṣe pa àmì yẹn rẹ́. Undo ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó ti ìwé ìdílé náà (Family Tree, ibi tí Gramps kó gbogbo iṣẹ́ yín sí) pa; bí ẹ bá ti tì í, ó tán, àyàfi kí ẹ padà sórí Backup. Ẹ kọ Note Research kan tó sọ ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ọjọ́ tí ẹ pa wọ́n pọ̀, kí ẹ tó lọ sórí èyí tó kàn.

Fọ́tò

Fọ́tò ló ń dá ìjà olórúkọ kan náà sílẹ̀ jù, òun náà ló sì máa ń parí rẹ̀. Gramps kì í gbé fọ́tò sínú ara rẹ̀. Ojú ọ̀nà fáìlì nìkan ló ń rántí, nítorí náà bí ẹ bá yí orúkọ fódà padà, ojú fọ́tò yóò ṣófo. Kí ẹ tó fi àwòrán àkọ́kọ́ wọlé, ẹ kọ Base path (fódà tí gbogbo àwòrán yín wà) sínú Preferences, kí ó lè jẹ́ pé ọ̀nà kúkúrú ló ń rántí. Bí ẹ bá ti pẹ́ jù, irinṣẹ́ Media Manager lè yí ọ̀nà gígùn padà sí kúkúrú lẹ́ẹ̀kan náà. Àfikún kan tó ń jẹ́ Media Verify tún wà, tó ń fi àmì MD5 (àmì tí wọ́n ṣírò láti inú fáìlì fúnra rẹ̀) mọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, tó sì lè tọ́ka sí èyí tó ti ṣí kúrò níbi tó wà tàbí tó ti yí padà.

Ẹ má fi orúkọ ènìyàn sọ fáìlì. "john-smith-1880.jpg" ni ọ̀pọ̀ ń kọ, tó bá sì di pé Thomas ló wà nínú àwòrán, wọ́n á yí orúkọ fáìlì padà, okùn á já. Ẹ fi ipò ìwé sọ ọ́: P03-F12-L04-1a fún ojú ewé kìíní, 1b fún ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ya ẹ̀yìn gbogbo fọ́tò àti gbogbo àpòòwé, bó bá tilẹ̀ ṣófo. Fún lẹ́tà, 300 dpi (iye píksẹ́lì nínú ínṣì kan) tó, 400 bí ìwé náà bá kéré tàbí tí tàdáwà ti ṣá. Fún fọ́tò, 600. Fọ́tò orí páálí kékeré tó jẹ́ ínṣì 2.5 ní ìbú àti 4 ní gígùn yóò di píksẹ́lì 1500 ní ìbú àti 2400 ní gígùn ní 600 dpi, nǹkan bíi MB 10.8 ní TIFF tí a kò fún pọ̀. TIFF ni kí ẹ fi pamọ́, ẹ̀dà JPEG rẹ̀ ni kí ẹ so mọ́ Gramps, kó má baà fà.

Láti mọ John Smith tó wà nínú fọ́tò, ara fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó wo ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Kò sí fọ́tò daguerreotype (irú fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n ń yà sórí irin) kí ó tó di 1839, nítorí náà ẹni tó kú ní 1830 kò lè jókòó fún un, bí ó bá wà, àwòrán ọ̀dà rẹ̀ ni wọ́n yà. Carte de visite, páálí kékeré bíi mìlímítà 64 ní ìbú àti 100 ní gígùn, ayàwòrán Disdéri gba àṣẹ rẹ̀ ní Faransé ní 1854. Cabinet card, bíi 108 ní ìbú àti 165 ní gígùn, dé ní 1866. Bí ẹ bá rí sítáǹpù owó orí lẹ́yìn fọ́tò Amẹ́ríkà, oṣù Kẹjọ 1864 sí oṣù Kẹjọ 1866 ni wọ́n tà á, torí òfin owó orí fọ́tò kò kọjá àárín ìgbà yẹn. Fọ́tò roboto tó tó ínṣì 2.5 lè wá láti inú kámẹ́rà Kodak àkọ́kọ́ ti 1888. Káàdì ìfìwéránṣẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì bẹ̀rẹ̀ ní Bìrìtéènì ní 1902, ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta 1907. Bí àwọn olórúkọ kan náà mẹ́ta bá wà, tí ọ̀kan kú ní 1850, tí wọ́n bí èkejì ní 1885, páálí nìkan ti lè fi ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ya fọ́tò àtijọ́ lẹ́ẹ̀kejì sórí páálí tuntun. Àmì rẹ̀ ni kí aṣọ àti ìdì irun dàgbà ju páálí lọ, kí àwòrán náà má mú dáadáa, tàbí kí etí férémù àtijọ́ hàn nínú rẹ̀. Ọjọ́ páálí wá di ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà. Orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn pẹ̀lú, ẹ má tètè gbà á gbọ́: ó lè jẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n fi fọ́tò náà ta lọ́rẹ, tàbí ti ẹni tó ni álúbọ́ọ̀mù. Ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sínú Note bó ṣe rí, kálámù tàbí pẹ́ńsù, ọwọ́ ta ni bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Fún fọ́tò tí ènìyàn pọ̀ nínú rẹ̀, Gramps ń jẹ́ kí ẹ fi máòsì yí ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹ sì so ibẹ̀ nìkan mọ́ ọn. Àfikún Photo Tagging mú iṣẹ́ yìí yá gan-an.

Ní ti ìwé fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sẹ́yìn, kì í ṣe báírò. Àpò polyester ni kí ẹ fi wọ́n sí, ẹ má ṣe lo PVC, nítorí ó ń tú ásíìdì jáde bó ṣe ń gbó. Ẹ má to lẹ́tà tún. Bí ẹni tó ni ín ṣe tò ó jẹ́ ẹ̀rí. Lẹ́tà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú sítáǹpù oṣù Karùn-ún 1840 lè ní ìlà tó gba ìdúró àti ìbú kọjá lórí ara wọn, torí iye abala ìwé ni wọ́n fi ń gba owó. Ẹ yí àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó ka apá kejì, kí ẹ sì sọ nínú Transcript ibi tí ìlà ti dábùú.

Ibi tí Gramps ti kù díẹ̀ káàtó

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣí ìwé ìdílé ní àkókò kan. Bí ẹgbẹ́ bá gbé e sínú fódà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ń pín, ìṣòro ńlá ni wọ́n pè. Gramps Web wà fún iṣẹ́ àjọṣe, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sáfà, ó sì fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n bójú tó. Ìbẹ̀rẹ̀ náà le: ojú ìwé mẹ́sàn-án, wíńdò tó ń ṣí lórí wíńdò, ẹni tuntun á sọnù nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ẹ bá sì fi GEDCOM (irú fáìlì tí àwọn ètò ìtàn ìdílé fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn) gbé iṣẹ́ yín lọ sínú ètò mìíràn, Tag kò ní bá a lọ, ipa ẹlẹ́rìí náà kò ní lọ bó ṣe yẹ, fọ́tò yóò lọ bí ojú ọ̀nà lásán.

Fún ẹni tí lẹ́tà àti fọ́tò nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò ní ìdí láti so bàbá mọ́ ọmọ, Tropy ni a ó ní kó lò. Ọ̀fẹ́ ni, Roy Rosenzweig Center for History and New Media ní Yunifásítì George Mason ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2017. Ó ń pa àwòrán ojú ewé mẹ́rin pọ̀ di lẹ́tà kan láìsí wàhálà, ó sì ní àwòṣe tí wọ́n ṣe fún lẹ́tà. Àmọ́ kò mọ ènìyàn. Orúkọ nínú rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, nítorí náà nígbà tí ìbéèrè "èwo ni èwo" bá dé, Gramps ni ẹ ó padà sí. Àwọn méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́: Tropy fún títò àti kíkà, Gramps fún ìdájọ́, níwọ̀n bí orúkọ fáìlì bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí àwọn olórúkọ náà bá wà láàyè, ẹ rántí àmì àgádágodo tó wà lórí gbogbo àkọsílẹ̀, kí ẹ sì tẹ ẹ́ fún ohun tí kò yẹ kí ó jáde. Ètò náà ń ka ẹni tí kò ní ọjọ́ ikú sí alààyè dé ọdún 110, nítorí náà nígbà tí ẹ bá ń ṣe Export tàbí ojú òpó Narrated Web Site, ẹ yan kó yọ alààyè àti àkọsílẹ̀ ìkọ̀kọ̀ kúrò. Lẹ́tà tí òkú kọ lè dárúkọ ọmọ tó ṣì wà láyé, ètò kò sì lè mọ ìyẹn láti inú Note. Ojú yín ni yóò wò ó.

Ẹ̀dà ìpamọ́ ló kù. Fáìlì .gramps kò gbé fọ́tò lọ, .gpkg ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣe .gpkg, ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí i sínú ìwé ìdílé tuntun tó ṣófo. Ẹ ka iye Media tó wà níbẹ̀, kí ẹ fi wé ti ojúlówó, kí ẹ sì ṣí mẹ́wàá nínú wọn láti oríṣiríṣi páálí. Bí ojú ọ̀kan bá ṣófo, a jẹ́ pé ọ̀nà gígùn kan ṣì wà níbì kan. Media Manager ló mọ ibi tó wà.